Dora Plotkin àti Ẹlẹ́dẹ̀ tó Kọrin fún Tessler

Ohùn Dora Plotkin kì í ṣe ohùn tí èèyàn ń pè ní dídùn. Ohùn tó ń rìn jìnnà ni. Ní Brownsville, lápá Brooklyn níbi tí wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀, Mendel, tó jẹ́ Júù, ń ta kùkúmbà tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀, àgbá méjì lórí ọmọlanke, Dora ló sì ń bá a polówó láti kékeré. Tó bá lanu ní ìkóríta, àwọn obìnrin tó wà ní òkè pátápátá a sọ agbọ̀n sísàlẹ̀ pẹ̀lú okùn, kódà àwọn tí kò fẹ́ kùkúmbà, nítorí pé kí ariwo náà lè dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ̀, Fruma, máa ń sọ pé ọkọ̀ òkun ni Ọlọ́run ń kàn lọ́jọ́ tó dá Dora, tí fèrè ọkọ̀ fi já bọ́ sí ọmọ òun lọ́fun.

Nígbà tí ìjọba fòfin de ọtí, ilé ọtí tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn kógbá wọlé. Ọkùnrin tó ni ín kò lè máa wo dùùrù rẹ̀ kó má sunkún, ló bá bẹ Mendel pé kó bá òun gbé e kúrò níwájú òun. Dùùrù náà ń rùn bí àgbá bíà, àwọn eyín rẹ̀ kan kì í sì í dún rárá. Orí rẹ̀ ni Dora ti kọ́ ara rẹ̀ ní orin. Ibi tí kò bá mọ̀, á fi ohùn bò ó. Ibi tí eyín dùùrù bá ti ya odi, á fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, rédíò ò tíì wọ ilé púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ orin tuntun, ṣe ló máa lọ ra bébà tí wọ́n tẹ orin náà sí, kó gbé e lọ sílé, kó fi dùùrù ara rẹ̀ lù ú. Àwọn tó ń tẹ bébà yìí ta, owó ńlá ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n ta ló máa ra orin tí kò gbọ́ rí? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àwọn èèyàn bíi Dora, kí wọ́n jókòó ti dùùrù nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, láàárín ọṣẹ àti ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa lu orin, kí wọ́n máa kọ ọ́, títí oníbàárà á fi rà á tàbí kó sá.

Ibẹ̀ ni Sol Pincus ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tó ní ilé atẹ̀wé-orin ní Manhattan, Pincus àti Dolan lorúkọ rẹ̀. Ó dúró ti dùùrù, fìlà lọ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ ní dùùrù?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Mo mọ̀. Ó hàn. Àmọ́ òdìkejì títì ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ẹ, ọkọ̀ ojú irin sì ń kọjá lórí afárá lókè orí mi. Ǹjẹ́ wàá bá mi ṣiṣẹ́?"

Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Dora ní kí wọ́n mú òun lọ kí ọ̀gá kejì.

"Ọ̀gá kejì wo?" ni Pincus wí.

"Ọ̀gá Dolan, sà."

"Áà, Dolan. Kò sí Dolan kankan. Àwọn ará Ireland ò ní í fẹ́ ra orin lọ́wọ́ Pincus lásán, ni mo bá fi èèyàn wọn kan sí ara ilẹ̀kùn. Tẹ́nikẹ́ni bá béèrè ẹ̀, o ní ó ti lọ jẹun."

Bí Dolan ṣe ń jẹun ní gbogbo ọdún tí Dora fi wà níbẹ̀ nìyẹn.

Pincus fúnra rẹ̀ kò mọ orin kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, Yetta, ló fi ń ra ọjà. Tí akọrin kan, ìyẹn ẹni tó ń hun orin, bá gbé orin tuntun wá, Pincus á mú un lọ sílé, á ní kó lù ú ní pálọ̀ nígbà tí Yetta bá ń dín àlùbọ́sà. Òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á tẹjú mọ́ bàtà ìyàwó rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ Yetta bá mì, ó ti rà á. Bí kò bá mì, wọ́n á fún akọrin ní oúnjẹ, wọ́n á ní kó máa lọ. Ọ̀pọ̀ akọrin ló dìídì ń lọ nítorí àlùbọ́sà.

Ayé ń lọ báyìí títí sinimá fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, àwòrán lásán ni, odi. Nígbà tó di pé ẹnu èèyàn ń là tí ohùn ń jáde, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, orin ni gbogbo wọn ń fẹ́. Àwọn oní-sinimá ní California wá rí i pé gbogbo orin tó dùn láyé, ẹnì kan ló ni ín ní New York, ẹni náà sì mọ iye tó máa gbà.

Maurice Tessler, tó ni ilé-iṣẹ́ Sinimá Tessler, kò lè fara da irú ìyẹn. Ìbọ̀wọ́ obìnrin ló ń tà kó tó di oní-sinimá, ó sì gbà pé kò yẹ kéèyàn ra ohunkóhun lẹ́yọ kan. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí New York, ó wọ ọ́fíìsì Pincus pẹ̀lú sìgá ńlá lẹ́nu, Dora sì wà nídìí dùùrù lọ́jọ́ náà.

"Sol, èló lo fẹ́ gbà?"

"Lórí orin wo?"

"Lórí gbogbo ẹ̀. Orin, dùùrù, àga, ilẹ̀kùn. Ó ti sú mi kí n máa pọn omi nínú kànga ẹni ẹlẹ́ni, kí wọ́n sì máa ka korobá mọ́ mi lọ́wọ́. Kànga yẹn gan-an ni mo fẹ́."

Iye tí Pincus dá, ó dá a kí Tessler lè bínú jáde ni. Tessler ò bínú. Ó gbọn eérú sìgá sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní ó ti tó. Pincus wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó jókòó. Kí oṣù náà tó parí, òun àti Yetta ti wà ní Florida, níbi tí ẹsẹ̀ Yetta ti lè mì bó bá ṣe wù ú láìsí ẹni tó ń wò ó.

"Obìnrin aláriwo yìí ńkọ́?" ni Tessler béèrè kó tó lọ. "Ṣé ó wà lára ẹrù?"

"Èmi kì í ṣe ẹrù, sà," ni Dora wí. "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sanwó ọkọ̀, mò ń bọ̀."

Ó wọ Hollywood pẹ̀lú àpótí aṣọ kan àti ìgò kùkúmbà tí ìyá rẹ̀ fi aṣọ inú wé. Yàrá tí wọ́n fún Ilé Orin Tessler wà lókè ilé àwọn káfíńtà tó ń kan ààfin àti ọgbà ẹ̀wọ̀n fún sinimá. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ níbẹ̀, òòlù ló ń bá wọn lù ú. Ẹ̀rún igi ń wọ inú dùùrù, ń wọ inú kọfí, ó sì ń wọ imú àwọn akọrin tí Tessler kó jọ láti ìlú gbogbo.

Àṣẹ tí Tessler pa rọrùn: kò sí sinimá tó gbọdọ̀ jáde láìní orin tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá wo sinimá á ra bébà orin, ẹni tó bá gbọ́ orin á lọ wo sinimá, Tessler á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì jẹun. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ìṣòro ni pé àwọn tó ń sọ sinimá lórúkọ kò rántí àwọn tó máa fi orúkọ náà kọrin. Wọ́n ṣe ọ̀kan nípa dókítà eléyín kan tó pa ìyàwó rẹ̀, orin ìfẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n kọ fún un. Wọ́n ṣe òmíràn nípa àwọn tó ń jí ewúrẹ́ ní Wyoming. Dora ló jókòó ti àwọn akọrin, tó ń bá wọn wá ohun tó lè bá ewúrẹ́ mu nínú orin ìfẹ́, òun náà ló sì ń gbé orin yìí kiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù Los Angeles, tó ń fi ojú tí kò rẹ́rìn-ín kọ ọ́.

Láàárín àwọn akọrin yìí ni Lionel Vandersmissen wà. Ará Cincinnati ni, ó ga, ó gbẹ, aṣọ funfun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́ láìka ẹ̀rún igi sí. Kò sí gbólóhùn méjì tó máa sọ kó má dárúkọ Leipzig, ìlú Jámánì tó ní òun ti kàwé orin. Lọ́jọ́ kan tó mu ọtí tí wọ́n pọn nínú báfù, ó jẹ́wọ́ fún Dora pé àǹtí òun ló mú òun lọ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rírun ò jẹ́ kí òun kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì títí àwọn fi wọkọ̀ padà. Láti ọjọ́ náà ni Dora ti ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà tí Tessler fẹ́ ṣe sinimá ńlá kan nípa nọ́ọ̀sì tó kú sójú ogun, Lionel ni wọ́n gbé orin rẹ̀ fún. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ gbọọrọ. Nígbà tó jáde, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀.

"Míìsì Plotkin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fèrèsé dé. Mi ò fẹ́ kí àwọn káfíńtà gbọ́ ọ ṣáájú aráyé."

"Àwọn káfíńtà ò ráyè tiyín, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ máa lù ú."

Ó lù ú, ó sì kọ ọ́. "Philomena, Dárí Jì Mí" lorúkọ rẹ̀, bíi ti sinimá náà. Ó lọ́ra, ó ń fà bí ẹni ń wọ́ pósí gun òkè. Nígbà tó parí, Lionel ò gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù.

"Báwo lẹ ṣe rí i?"

"Ó dáa."

"Ó dáa? Ìyẹn nìkan?"

"Ó dáa gan-an. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Orin ìfẹ́ ni!"

"Ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ gbọ́, tá a bá sáré ẹ̀ báyìí..."

Kí Dora tó fọwọ́ kan dùùrù, Lionel ti pa ìdérí rẹ̀ dé, díẹ̀ ló kù kó gé ìka rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kan Philomena mi!"

"Ọwọ́ mi mọ́ o."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó!"

Wọ́n kọ́kọ́ gbé sinimá náà lọ sí Pasadena, kí wọ́n fi dán àwọn èèyàn wò kó tó jáde. Obìnrin tó ṣe nọ́ọ̀sì ti gbajúmọ̀ láti ìgbà tí sinimá ṣì ya odi. Ojú rẹ̀ dára bí òṣùpá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọta ìbọn bà á, tó dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Philomena láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn tó jáde jọ ti ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fara dà á. Nígbà tó di ẹsẹ̀ kejì orin, ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé:

"Màdáàmù, ẹ kúkú kú tán, ká lè máa lọ sílé!"

Ẹ̀rín bú. Lionel dìde nínú òkùnkùn, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Dora rí aṣọ funfun rẹ̀ tó ń kọjá lọ.

Kì í ṣe Philomena nìkan ló ṣubú. Orin ti sú aráyé. Wọ́n ti fún wọn yó, wọ́n fún wọn títí wọ́n fi ń bì í. Ó dé ibi tí àwọn tó ní ilé sinimá ń lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí àwọn èèyàn fọkàn balẹ̀ wọlé, pé kò sí ẹyọ orin kan nínú eléyìí. Tessler ní kí wọ́n mú àlùmọ́gàjí, kí wọ́n gé orin kúrò nínú gbogbo sinimá tí kò tíì jáde. Àwọn akọrin wọ ọkọ̀ padà sí New York, wọ́n ń bú California láti ojú fèrèsé. Lionel kò lówó ọkọ̀, ojú sì ń tì í láti padà sí Cincinnati. Ó ríṣẹ́ sí ilé ìsìnkú kan ní Glendale, ó ń lu dùùrù fún òkú.

"Ó kúkú ti rí àwọn tí ò ní sọ pé kó sáré," ni Dora wí nígbà tó gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ó máa ń gbé ọbẹ̀ adìẹ lọ fún un, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, á kanlẹ̀kùn, á sì yára kúrò kó má baà di pé ó ń ṣàánú rẹ̀ lójúkojú.

Nínú gbogbo ilé orin, Dora àti dùùrù nìkan ló kù, pẹ̀lú àjà tó kún fún bébà Philomena tẹ́nikẹ́ni ò rà. Ìyà ti dé sí ìlú náà, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ń tò fún búrẹ́dì. Tessler ránṣẹ́ pè é.

"Plotkin, kí ni ilé orin mi ń ṣe?"

"Ó ń dúró, sà."

"Ó ń dúró de kí ni?"

"De ẹ̀yin, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gé orin."

Tessler yọ sìgá lẹ́nu. "Ahọ́n ẹ yìí ló máa lé ẹ kúrò nílé mi lọ́jọ́ kan. Wá nǹkan tá a máa fi àwọn orin yẹn ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, màá fún àwọn káfíńtà ní yàrá yẹn."

Dora bínú jáde. Ó rìn kiri ọgbà títí ó fi dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ilé ẹṣin wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn ẹṣin lọ sí ibi tó dára jù, wọ́n wá kó àwọn ayàwòrán síbẹ̀, àwọn tó ń ya ẹranko tí wọ́n ń jó nínú sinimá kéékèèké tí wọ́n ń fi ṣíde eré. Olórí wọn, Ozzie Trumbull, tẹ́ẹ́rẹ́ bí pẹ́ńsù, inkì sì wà létí rẹ̀.

"Ozzie, orin wo lẹ̀ ń lò fún àwọn ewúrẹ́ yín?"

"Èyí tí kò ní owó. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń súfèé."

"O ò mọ̀ pé àjà kan gbáko kún fórin lọ́dọ̀ mi? Tessler ló ni orin, Tessler ló ni ewúrẹ́. Ta ló máa bi yín?"

Dùùrù kan wà nínú ilé ẹṣin náà. Dora jókòó tì í, búrẹ́dì oníwàràkàṣì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ ohun tó ti í débẹ̀, bóyá ìbínú, bóyá àpárá lásán, Philomena ló lù. Ó sáré e bí ẹni tí oyin ń lé, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, kó tó wá há a lọ́fun tí imú rẹ̀ fi dún fọ̀n-ọ̀n níbi tó yẹ kó ti sọ pé "dárí jì mí."

Ozzie ṣubú láti orí àga.

"Tún un ṣe," ló wí láti ilẹ̀.

"Èwo? Orin àbí imú?"

"Méjèèjì! Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ ló jẹ kéèkì ìgbéyàwó ìyàwó ẹ̀ tán ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó, ó wá ń bẹ̀bẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ọlọ́run mi. Ẹ fún mi ní pẹ́ńsù."

Kò sí owó tí wọ́n máa fi gba olórin, nítorí náà Dora fúnra rẹ̀ ló ṣe ohùn ẹlẹ́dẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló bá wọn jà lé lórí. Ó ní ẹsẹ̀ orin tó gbẹ̀yìn, wọn ò gbọdọ̀ sáré e. Bí Lionel ṣe kọ ọ́ ni kí wọ́n fi í sílẹ̀, kó lọ́ra, kó sì fà.

"Á ba ẹ̀rín jẹ́," ni Ozzie wí.

"Jẹ́ kó bà á jẹ́. Tí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wá ẹlẹ́dẹ̀ míì."

Sinimá kékeré náà jáde ní ìgbà ìrúwé. Kò pẹ́, tẹlifóònù dún láti Brownsville, láti ṣọ́ọ̀bù apòògùn tó wà nísàlẹ̀ ilé àwọn òbí rẹ̀.

"Dora, wọ́n ní ìwọ lò ń dún bí ẹlẹ́dẹ̀ nínú sinimá."

"Èmi ni, Màmá. Báwo lẹ ṣe rí i?"

"Báwo ni kí n ṣe rí i? Láti ayé bàbá bàbá mi, ẹlẹ́dẹ̀ ò wọ ìkòkò wa rí. Ìwọ wá kó o sẹ́nu."

"Wọ́n ní ká má jẹ ẹ́ ni, Màmá. Wọn ò ní ká má sín in jẹ."

"Ṣé wọ́n sanwó fún ẹ, ó kéré tán?"

"Rárá."

"Hẹn-ẹ́n. Ó wá di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn."

Lionel kì í lọ wo sinimá mọ́, kò sì gbọ́ nǹkan kan títí opó kan fi wá bá a ní Glendale, Ìyáàfin Gunderson, aṣọ dúdú lọ́rùn, ìbòjú lójú.

"Ọkọ mi fẹ́ràn orin kan gan-an. Ẹ bá mi lù ú nígbà tí wọ́n bá ń gbé e jáde."

"Orin ìjọ wo ni, Màmá?"

"Kì í ṣe ti ìjọ. Orin ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni."

"Orin kí ni?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lu dùùrù, ẹ ò mọ orin ẹlẹ́dẹ̀?" Obìnrin náà nu ojú, ó gbé ìbòjú sókè, ó sì kọ ìlà méjì fún un, ó tún fi imú fọn níbi tó yẹ.

Lionel mọ orin náà: Philomena rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ó lù ú. Opó ni, kí ló fẹ́ ṣe? Bí wọ́n ṣe gbé òkú sọ́kọ̀ tán báyìí, pẹ̀lú aṣọ dúdú ìsìnkú lára rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ Tessler, ó sì gun àtẹ̀gùn àwọn káfíńtà bí ẹni tó fẹ́ lọ dáná sunlé.

"Ta ló ṣe é?"

"Ẹ káàsán, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó! Ta ló mú Philomena mi fún ẹlẹ́dẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí mo rò pé... Mo fi gbogbo ọkàn mi kọ orin yẹn!"

"Mo mọ̀. Orí àjà níbí ni ọkàn yín wà, eku ń bímọ sórí ẹ̀. Èwo lẹ bá yàn, eku àbí ẹlẹ́dẹ̀?"

"Èmi tí mo kàwé ní Leipzig!"

"Inú rírun lẹ kà ní Leipzig."

"Màá pè yín lẹ́jọ́!"

"Ẹ pè mí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká lọ wò ó. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán tínú ṣì ń bí yín, èmi fúnra mi á sìn yín dé ọ̀dọ̀ lọ́yà."

Ilé sinimá kan wà nítòsí, tí àwọn tí ò níṣẹ́ máa ń wọ̀ lọ́sàn-án nítorí pé ó tutù, tikẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò sì wọ́n. Wọ́n jókòó sáàárín. Lionel na ọrùn gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún. Ẹlẹ́dẹ̀ yọ. Ó wọ táì, ẹ̀rún kéèkì ìgbéyàwó yí i lẹ́nu ká. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ orin, tó ń sáré e, tí imú ń fọn, ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Obìnrin tó jókòó ti Lionel rẹ́rìn-ín débi pé ó di apá rẹ̀ mú, kò sì mọ̀ pé òun dì í mú. Lionel ò mira. Ẹyin ojú rẹ̀ nìkan ló ń lọ síbí sọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ nínú àwòrán. Wọ́n ti fèrèsé ìyàwó pa. Ẹlẹ́dẹ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀, omi ń ro táì rẹ̀, ó wá kọ ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn bí Lionel ṣe kọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fọnmú, kò ṣàwàdà. Ohùn Dora tó máa ń pe àwọn obìnrin ní òkè ilé wá di ohùn kékeré kan tó ń bẹ̀bẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan wúkọ́. Ọkùnrin kan tó wà níwájú wọn, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbó lọ́rùn, fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì wò yíká bóyá ẹnì kan rí òun. Fèrèsé ṣí díẹ̀, ìyàwó ju ẹ̀rún kéèkì kan tó kù sí ẹlẹ́dẹ̀ lórí, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín padà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí iná tàn, Lionel ò dìde.

"Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn mọ orin kọ," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ ṣé."

Ó yíjú sí i. "Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Ó yẹ kí n mọ̀." Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu imú rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. "Ẹ fa 'dárí jì mí' gùn ju bó ṣe yẹ lọ."

"Ìbànújẹ́ ló gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ."

"Ó gbọdọ̀ bọ́ sásìkò, ìbànújẹ́ tàbí kò sí ìbànújẹ́," ni Lionel wí, wọ́n sì ń jiyàn nípa rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdíkọ̀. Kò dárúkọ lọ́yà mọ́.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bébà orin náà káàkiri. Èyí tó wà lájà tán, wọ́n tún tẹ òmíràn pẹ̀lú àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ níwájú rẹ̀. Tessler sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ lorin náà ń wá. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹranko kan tó gbọdọ̀ jó nínú sinimá òun àfi sí orin inú àjà Ilé Orin Tessler. Nígbà tí aráyé tún wá gba sinimá olórin láàyè lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tó di pé àwọn omidan ń jó lórí òrùlé àti lórí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ilé orin náà kò tíì kú bíi ti àwọn ẹlòmíràn, ó ti ṣetán. Wọ́n lé àwọn káfíńtà kúrò nísàlẹ̀. Lionel padà wá, ó tún gbé aṣọ funfun rẹ̀ wọ̀. Òun àti Dora pín yàrá kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń jà lórí fèrèsé, lórí kọfí, lórí bóyá orin yẹ kó sáré. Ẹni tó bá gbọ́ wọn á rò pé wọ́n kórìíra ara wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Mendel ní Brooklyn, Lionel ló bá Dora wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, ó sì jókòó tì í lọ àti bọ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan nípa orin.

Nígbà tí amóhùnmáwòrán wọ ilé gbogbo, tí owó sinimá sì ń gbẹ, àwọn ọmọ Tessler ta ilé orin náà fún àwọn lọ́yà kan ní New York. Àwọn lọ́yà náà ò béèrè dùùrù, wọn ò béèrè àga. Ẹ̀tọ́ orin nìkan ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní kí Dora wá bá àwọn ṣiṣẹ́, pé wọ́n á fún un ní tábìlì lẹ́bàá fèrèsé.

"Kí ni màá máa ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ máa dáhùn ìbéèrè, Màdáàmù. Kò sẹ́ni tó tún ní láti kọrin mọ́."

Dora dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì fẹ́ Hagop Terzian.

Ìyẹn gan-an ló ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Hagop jẹ́ ará Armenia, ìyàwó rẹ̀ ti kú, oko àjàrà ló ní ní Fresno, ó sì ń sá àjàrà gbẹ fún títà. Etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn mọ́, èkejì kò sì fẹ́ràn orin. Ó ní ariwo tí kò nídìí ni. Dora pàdé rẹ̀ lórí ìlà níwájú báńkì, ó bi í ní ìbéèrè kan, Hagop sì dáhùn pé: "Obìnrin yìí, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ketekete láti ọ̀pọ̀ ọdún wá." Kò sí dùùrù nínú ilé wọn. Dora ní òun ti lu èyí tó tó, ọwọ́ òun yẹ kó sinmi.

Ní oṣù kẹsàn-án kan, Lionel lọ kí wọn. Ó ti darúgbó, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ó gbé kéèkì dání. Wọ́n ti tẹ́ bébà sílẹ̀ láàárín gbogbo ìlà oko, wọ́n sá àjàrà sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, oòrùn sì ń mú un. Bí wọ́n ṣe jókòó sábẹ́ ibòji tí wọ́n fẹ́ gé kéèkì, Hagop gbójú sókè, ó dìde láìsọ̀rọ̀, ó sì ń sáré. Àwọsánmà ti ṣú ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Tí òjò bá ba àjàrà tó wà lórí bébà, iṣẹ́ ọdún kan ti bàjẹ́.

"Ẹ dìde!" ni Dora ké, àwọn ará oko tó wà ní òdìkejì ọ̀nà sì ti ń sáré bọ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Kí ni kí n ṣe?" ni Lionel béèrè.

"Ẹ ká bébà! Láti ẹ̀gbẹ́ síbí, báyìí, bí ẹni ń ká ẹní! Ẹ má jẹ́ kó dà!"

Lionel ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì ń ká a. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, ó fẹ́ kí etí bébà dọ́gba.

"Ẹ sáré!" ni Hagop pariwo láti ìlà kejì. "Kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe? Ẹ ní kó sáré!"

Ó sáré. Ó ń fi orúnkún rìn láti bébà kan sí òmíràn, ó ń ká, ó ń bú òjò, ó ń bú àjàrà, ó ń bú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ kán, ìlà kan péré ló kù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n dúró sábẹ́ òrùlé ilé ìkẹ́rù-sí, wọ́n ń mí gúlegúle, omi ń ṣàn kọjá lórí àwọn bébà tí wọ́n ti ká, kò sì wọ inú wọn. Ibòji tí wọ́n jókòó sí ti ń jò, kéèkì ti di ẹ̀kọ. Hagop wo orúnkún Lionel tó ti pọ́n fún iyẹ̀pẹ̀, ó wọlé lọ, ó gbé ìgò ọtí kan jáde, ó sì bu ti Lionel ṣáájú ti gbogbo wọn.